Àwọn Ẹkùkù Orí Igi Ìrà Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹdẹ níbí, kò sí kòkòrò tó ń jẹ́ kòkòrò lásán. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì rí lámilámi kan tó bà sórí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi gbá a mọ́lẹ̀. Mo ní, "Kí ló ṣe ọ́?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, kòkòrò ni." Mo ní kó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ó wolẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ó ní orúkọ ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ní orúkọ. Lámilámi ni, ẹ̀fọn ló sì ń jẹ. Ẹ ó pa lámilámi tán lójú ọ̀sán, nígbà tó bá di alẹ́ ẹ ó máa ké pé ẹ̀fọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ ó sì ní kí n gbówó kalẹ̀ kẹ́ ẹ lọ ra oògùn ẹ̀fọn. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rántí pé èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin burú ju ti ọmọ yìí lọ, nítorí pé òun ò mọ orúkọ, èmi mọ̀ ọ́n.

Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi. Ìyá Àgbà ni gbogbo agbo ilé ń pè wọ́n. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọn kì í rìn kíákíá, torí pé ohun tí ẹlòmíràn bá fi ẹsẹ̀ rékọjá, àwọn á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ní gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà lọ sóko wa ní ọ̀nà Alájùé, ẹnu wọn kì í dúró. "Yímíyímí nìyẹn, má tẹ̀ ẹ́, òun ló ń bá wa kó ìgbẹ́ màlúù wọlẹ̀." "Ìjàlọ ló ń bọ̀ yìí, jẹ́ ká yà fún wọn. Bí wọ́n bá wọlé wa, wọn á lé eku àti àkekèé jáde, wọn á sì máa lọ." Tata, ìrẹ̀, agbọ́n, tanátaná, àfòpiná, oríṣiríṣi èèrà tí mi ò tilẹ̀ lè kà tán, gbogbo wọn ni wọ́n ní orúkọ lẹ́nu Ìyá Àgbà, gbogbo wọn ni wọ́n sì níṣẹ́. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀tá, wọ́n á sọ pé ọ̀tá ni. Wọn kì í purọ́ fún mi pé gbogbo kòkòrò ló dára.

Iṣẹ́ sányán ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí aṣọ sányán lónìí, ẹ rò pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ni òwú rẹ̀ ti ń wá. Ara ẹkùkù ló ti ń wá. Ẹkùkù ni kòkòrò onírun kan tó máa ń pọ̀ lọ bẹẹrẹ lórí igi ìrà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Wọn kì í dá rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lórí ẹ̀ka kan bọ́ sórí òmíràn, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àkókò bá tó, gbogbo wọn á para pọ̀ fi okùn ẹnu wọn hun ilé kan ṣoṣo mọ́ ara ẹ̀ka igi, inú rẹ̀ ni wọn yóò sì wà títí wọn yóò fi di àfòpiná tí wọn yóò fò lọ. Ilé yìí ni Ìyá Àgbà máa ń já, tí wọ́n á fi omi eérú sè, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sá a, tí wọ́n á wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìrànwú, wọ́n á máa ran án ní òwú. Igi ìrà mẹ́ta ló wà létí oko bàbá mi. Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé wọn, wọn kì í sì í já gbogbo ilé ẹkùkù tó bá wà lórí wọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta ló wà lórí igi kan, méjì ni wọ́n máa já. Èyí tó kù, wọ́n ní ti ọdún tó ń bọ̀ ni.

Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni wọ́n ti ń ta sányán tí wọ́n ń ran, òun ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀. Nítorí náà, bàbá mi tó jẹ́ ọmọ oní-sányán kò fi sányán bora rí. Ìyá Àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ran òwú kún agbọ̀n kékeré kan, wọn ò sì tà nínú rẹ̀. Wọ́n ní agbádá bàbá mi ni, pé bí àwọn bá ti ran ti ọdún yìí mọ́ ọn, ó tó gbé fún ahunṣọ. Bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọjọ́ ìkórè ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ọdún yẹn kan náà ni kòkó wa ń ṣàìsàn. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan ń gún èso rẹ̀, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu, èso á di dúdú, ẹ̀ka á sì gbẹ. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ni wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀gá àgíríkọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, ń lọ káàkiri oko pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ń gbé pọ́ǹpù oògùn sẹ́yìn. Ó lọ bẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà sì wá ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lórí alùpùpù, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

N kò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin yìí. Ènìyàn dáadáa ni. Ó kúnlẹ̀ wo ìdí kòkó, ó kí Ìyá Àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún bàbá mi pé, "Mo fẹ́ lọ sí Awo, n ó padà wá nírọ̀lẹ́. Kí n tó lọ, ẹ bá mi kọ orúkọ gbogbo kòkòrò tó wà nínú oko yín sílẹ̀, àti ibi tí oníkálukú wọn wà. Oògùn yìí kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. N ó sàmì sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ mi máa fín, èyí tí n ò bá sàmì sí, wọn ò ní dé ibẹ̀."

Bàbá mi ò mọ̀wé. Ojú rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ní ọmọ tó lè kọ ọ́. Mo fa ìwé àti pẹ́ńsù jáde nínú àpò. Ìyá Àgbà jókòó sórí ìtì igi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè, èmi ń kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn, kí ẹ má baà rò pé mo ya ìkà. Ní iléèwé wa, wọ́n ń na ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, tíṣà mú lámilámi kan wá, ó ní ta ló mọ orúkọ rẹ̀. Mo nawọ́ sókè kíákíá, mo ní, "Lámilámi, sà!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ariwo ẹnu ará oko ni, ó sì ní kí n dúró lórí àga títí agogo fi lù. Ìtìjú ọjọ́ náà ṣì wà lára mi. Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá àgíríkọ́ tó wọ ṣòkòtò kúkúrú funfun, tó fi pẹ́ẹ̀nì méjì sí àpò àyà, mo búra nínú ara mi pé kò ní í rí ariwo ẹnu ará oko nínú ìwé tèmi. Gẹ̀ẹ́sì ni n ó kọ.

Ìyá Àgbà ní, "Kọ ọ́ pé oyin wà nínú ihò igi ìrókò yẹn, kí wọ́n má débẹ̀." Mo mọ oyin lédè òyìnbó, mo kọ ọ́. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé èèrà pupa tó ń fi ewé ránṣọ wà lórí kòkó apá ọ̀tún, òun ló ń lé àwọn tó ń gún èso. Wò ó, ibi tó wà, kòkó ibẹ̀ ò ṣàìsàn." Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo ìyẹn lédè òyìnbó. Mo kọ èèrà lásán, mo sì kọ pé ó wà lórí kòkó. Wọ́n ní, "Kọ ẹkùkù. Kọ ọ́ dáadáa. Orí igi ìrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Mo ronú, mo ronú. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe ekòló àti gbogbo ohun tó ń wọ́ nílẹ̀: wọ́ọ̀mù. Wọ́ọ̀mù, lórí igi mẹ́ta, létí oko.

Ìyá Àgbà bi mí pé, "Ṣé o kọ gbogbo rẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà." Wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún mi, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìrìn wọn kì í yá.

Ọ̀gá àgíríkọ́ gba ìwé náà, ó ní ọwọ́ mi dára. Ẹ wo bí orí mi ṣe wú! Ó fi pẹ́ńsù pupa sàmì. Kò sàmì sí oyin. Ó sàmì sí èèrà. Ó sàmì sí wọ́ọ̀mù. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ṣe bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ihò igi tí oyin wà, wọ́n yà á sílẹ̀, wọn ò fín nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ohun tí mo dárúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó yè. Àwọn èèrà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti inú ilé ewé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dé ìdí igi ìrà. Mo fẹ́ pariwo. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n mo wo bàbá mi tó dúró lókèèrè tó ń fi mí yangàn fún alámùúlégbè oko wa pé èmi ni mo kọ ìwé náà, mo sì pa ẹnu dé. Mo sọ fún ara mi pé bóyá oògùn náà ò ní pa wọ́n. Láàárín wákàtí kan, ẹkùkù ti bo ilẹ̀. Wọ́n ń ká, wọ́n ń nà, títí wọ́n fi dákẹ́.

Ọ̀gá àgíríkọ́ padà dé nírọ̀lẹ́. Ó rin oko yíká, ó ń mi orí pé iṣẹ́ dára. Nígbà tó dé ìdí igi ìrà, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan sọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹkùkù nìyí!" Ó yíjú sí wa. "Ẹkùkù ni ẹ pè ní wọ́ọ̀mù? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹkùkù ni ìyá mi fi tọ́ mi! Bí ẹ bá kọ ẹkùkù síbẹ̀, ṣé mi ò mọ ẹkùkù ni?"

Bàbá mi wojú mi. Ì bá wù mí kó nà mí.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní kí n má tíì sọ fún Ìyá Àgbà, pé òun yóò wá bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Kò rí bí yóò ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò tí wọ́n fi ń se ilé ẹkùkù. Wọ́n ń kọrin. Mi ò lè fara dà á. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n dá orin dúró. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o ò mọ orúkọ wọn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n lédè òyìnbó."

"Ṣé òyìnbó ló béèrè lọ́wọ́ rẹ ni?"

Ohun tí wọ́n sọ mọ nìyẹn. Wọ́n da omi tó wà nínú ìkòkò nù, wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mi ò lọ síléèwé, mo tẹ̀lé wọn lọ sóko. Mo rò pé wọn yóò jókòó sunkún. Wọn ò sunkún. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo ẹkùkù jọ, wọ́n sin wọ́n, wọ́n ní bí ẹyẹ bá jẹ wọ́n, ẹyẹ náà á kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa parí sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń wo ewé ìrà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n á rí ẹyọ kan tó yè. Oòrùn mú títí, wọn ò rí. Mo gbé omi fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n mu ún, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Kòkó ọdún yẹn gbà wá o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, àwọn kòkòrò tó ń gún èso kòkó padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní apá ọ̀tún, níbi tí èèrà pupa wà tẹ́lẹ̀ tí kò sí àìsàn rí. Bàbá mi tún ra oògùn. Ọdún kẹta, ó tún rà á. Ẹkùkù ò padà sórí igi ìrà wa mọ́. Ìyá Àgbà rìn dé oko àwọn ẹlòmíràn, wọ́n bá a pé àwọn náà ti fín tiwọn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé òwú tó wà nínú agbọ̀n fún ahunṣọ. Ahunṣọ ní kò lè tó agbádá, kò lè tó bùbá. Fìlà ló tó.

Bàbá mi dé fìlà náà lọ sí ìkórè. Àwọn ènìyàn ń kí i, wọ́n ní ó yẹ ẹ́. Bó ṣe délé, ó ṣí i kúrò lórí, ó kó o sínú àpótí, kò sì dé e mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí ìyá mi bi í léèrè, ó ní ó ń wúwo lórí òun. Ìyá Àgbà ti kú ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti padà máa bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn mi títí dé òpin, ṣùgbọ́n bí a bá jọ ń lọ sóko, wọn kì í pe orúkọ kòkòrò kankan sí mi létí mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi ni mo máa ń pè é sókè fúnra mi, tí n ó máa wò wọ́n lójú.

Ẹ̀yin ọmọ, mo di tíṣà nígbà tó yá. Mo kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀ ní Ẹdẹ yìí, mo sì gbìyànjú. Mo kó wọn lọ sínú pápá, mo ní kí wọ́n kọ tata, kí wọ́n kọ yímíyímí, kí wọ́n kọ àfòpiná. Àwọn òbí ń wá bá mi jà pé mo ń fi àkókò ọmọ àwọn ṣòfò. Ọ̀gá iléèwé kan ní kí n kọ́ wọn ní ohun tó máa jáde nínú ìdánwò. Ẹ sì wò ó, lónìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé oyin ń kú, pé ilẹ̀ ò lọ́ràá mọ́, pé kí a dáàbò bo ohun alààyè. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ìròyìn tuntun! Ta ló fẹ́ dáàbò bo ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Bí ọmọ yín bá sọnù, ṣé "ọmọ kan" lẹ ó máa pè káàkiri ìgboro?

Nígbà tí mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Alájùé ní ọdún tó kọjá, mo ní kí ọmọ tó gbé mi dúró níbi tí oko wa wà. Ilé ti kún ibẹ̀. Wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ilẹ̀, kò sí ìrà, kò sí kòkó, n ò rí èèrà kan. Ọmọ náà bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo fẹ́ ṣàlàyé, mo sì rí i pé mi ò ní nǹkan kan tí mo lè na ìka sí. Nígbà tí ẹkùkù pọ̀ lórí igi, mo kọ̀, mi ò kọ orúkọ wọn. Ní báyìí tí mo ṣe tán láti kọ ọ́, orúkọ wà lẹ́nu mi, àwọn tó ń jẹ́ ẹ ni kò sí mọ́.